Ọta .22 tí kì í sáré tó ohùn: awò wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa, l'Abuja, ni mo ń gbé. Mo ti gba ìwé àṣẹ ìbọn .22 (ìbọn ọta tín-ín-rín) tí mo fi ń ṣeré ìdárayá, ọta tí kì í sáré tó ohùn ni mo sì ń lò. Ní mítà 50, ọwọ́ mi dúró dáadáa. Tó bá ti di 100, ńṣe ni ọta ń lọ bá ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra síkóòpù, ìyẹn awò orí ìbọn, tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 24. Ṣé òun ló kàn? Ṣé mo tún nílò ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀nà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó sórí ìlọ́po 24 yẹn. Kì í ṣe àìríran ló ń já ọta yín sílẹ̀, pípẹ́ tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà ni. Nǹkan bí mítà 320 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá kúrò lẹ́nu ìbọn. Nínú ooru Abuja, ohùn ń rìn tó 350. Kí ọta yín tó dé mítà 100, ó ti lo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ilẹ̀ sì ń fà á ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí ẹ bá to awò yín sí mítà 50, ní 100 ọta á fi nǹkan bí 22 sẹ̀ǹtímítà wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ wò. Ní 150, ó lè tó 80.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bí ẹ bá pe 110 ní 100, ọta ti fi bíi 6 sẹ̀ǹtímítà lọ sílẹ̀. Irú àṣìṣe kan náà ní 150 á di bíi 10. Ẹ wá èyí tí kì í fi ju mítà kan ṣì láàárín 50 sí 200. Mítà 1,000 gàgàrà tí wọ́n ń kọ sára páálí kò kàn yín, ohun tó ń dán gbinrin ni wọ́n sábà fi ń dé ibẹ̀. Èyí tí àwọn agbá-gọ́ọ̀fù ń lò dára fún yín, torí ohun tó sún mọ́ jù ló máa ń mú, kì í fo bébà tí ẹ ń yìnbọn sí lọ wọn igbó ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku lè dá iná tí ẹ̀rọ náà fi ń wọn ọ̀nà padà lójú ọ̀nà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bí iye náà bá ń fò sókè sódò, ẹ wọn ògiri tàbí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá mítà ló ń kà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá awò rẹ̀ jà kí n tó rí i pé yáàdì ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ. 100 yáàdì kò ju mítà 91 lọ. Ó dùn mí pé n ò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti awò, ìlọ́po 4 sí 12 tó yín. Nọ́ọ̀bù tó ń gbọ́ràn ni mo fẹ́ kó ní, èyí tí ìró kẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.1 mil, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà 100. Ẹ ó yí i ní nǹkan bí kẹ́ 22 fún mítà 100, nǹkan bí kẹ́ 53 fún 150. Kí ẹ tó gbà á pátápátá, ẹ yìn ín, ẹ yí nọ́ọ̀bù sókè ní kẹ́ 50, ẹ dá a padà ní kẹ́ 50, kí ẹ tún yìn ín. Bí ọta kò bá padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fa ìlà tó ń sọ bí ọ̀nà ṣe jìn sínú rẹ̀ fún ọta ayára. Ìṣirò ọta ẹlòmíì ni. Kí ó sì ní ibi tí a ti lè to ojú rẹ̀ sí mítà 50, torí 100 yáàdì ni wọ́n to ọ̀pọ̀ awò ìbọn ńlá sí: bí ẹ bá mi orí díẹ̀ báyìí, àmì inú rẹ̀ á máa rìn lára bébà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi .22 sílẹ̀ lọ ra ìbọn ọta 7.62 mìlímítà tó ń yin ọta jẹ́jẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka 7.62 mọ́ ìbọn ológun, eèwọ̀ ni. Kódà ti awò yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tó fún yín níwèé kí ẹ tó gbé e wọ̀lú.

Tó bá dọwọ́ yín, ẹ yìn ín láti 50 dé 150, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ kọ iye kẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn. Iye tí mo kọ sókè wọ̀nyí, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ìbọn tiyín ni yóò sọ èyí tó kù.