Ẹ Jọ Kà Á Kẹ́ ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé ẹgbẹ́ yín tó ń dáàbò bo etíkun fẹ́ bá ẹgbẹ́ kan lódìkejì ààlà ṣiṣẹ́ pọ̀, pé ṣé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé ńlá kẹ́ ẹ sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ọ̀rọ̀ yín kàn mí gan-an. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, létí omi kan tí orílẹ̀-èdè méjì jọ ń pẹja. Ìmọ̀ràn mi ò gùn: ẹ fi ìwé àdéhùn sílẹ̀ ná. Ẹ wá ohun kan tẹ́ ẹ lè jọ máa kà, kẹ́ ẹ máa kà á lọ́nà kan náà, lásìkò kan náà, kẹ́ ẹ sì máa jókòó pọ̀ wo ohun tẹ́ ẹ rí. Àlàyé ẹ̀ ló gùn díẹ̀.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìwé la fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa gbà pé kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ pẹja mọ́, torí àwọn ọmọ ẹja tí ò tíì yé rí ló ń kó. A fẹnu kò sórí ìwọ̀n ojú àwọ̀n, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lédè méjèèjì, inú gbogbo èèyàn dùn. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja tiwa ní àwọn tọ̀hún ń tẹ àdéhùn lójú, àwọn tọ̀hún ń búra pé àwọn ò kúrò lórí ohun tó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà kí àgbà apẹja kan tó ní ká gbé àwọ̀n méjèèjì wá sórí tábìlì. Ó mú tiwa, ó fi rúlà wọn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ojú àwọ̀n, láti kókó kan dé kókó tó tẹ̀ lé e. Ó mú tàwọn tọ̀hún, ó ti ìka méjì bọ ojú àwọ̀n náà, ó nà án títí ó fi le, ó wá wọn ún láti igun kan dé igun kejì. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ wọn nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀nà méjèèjì wọn àwọ̀n kan náà, iye tí ọ̀nà kejì máa gbé jáde tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé àwọ̀n tí ojú ẹ̀ ò ju ìdajì tiwa lọ ni wọ́n ń lò, síbẹ̀ wọn ò purọ́, wọn ò sì rú àdéhùn kankan.

Kò sí agbẹjọ́rò tó máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tó máa rí i ni ẹni tó bá yín dúró létí ọkọ̀ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi kíkà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jọ ń kà, gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti yàtọ̀ síra ló máa yọjú nígbà tí kò tíì dun ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti rí i pé wọ́n ṣe é dáadáa jù ni Òkun Wadden, ilẹ̀ ẹrẹ̀ àti yanrìn gbọọrọ tí omi òkun ń bò tó tún ń ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí Netherlands, Jámánì àti Denmark jọ ni. Ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ lórí ẹ̀ lọ́dún 1978, wọ́n fọwọ́ sí ìkéde àpapọ̀ lọ́dún 1982, wọ́n sì dá ọ́fíìsì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo wọn ní ìlú Wilhelmshaven lọ́dún 1987. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àrùn kan já lu àwọn síìlì, ẹranko onírun tó ń gbé inú òkun tó sì máa ń gun orí yanrìn sinmi, ó sì pa ju ìdajì wọn lọ. Síìlì lè sùn sórí yanrìn Denmark kó sì lọ wá oúnjẹ lómi Jámánì, nítorí náà orílẹ̀-èdè kan ò lè dá nìkan mọ iye tó kú àti iye tó kù. Ọdún 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí síìlì nìkan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n: ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké máa ń fò lórí ilẹ̀ náà nígbà tí omi bá fà, tí àwọn ẹranko náà ti jáde sórí yanrìn, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ máa ń fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ tí wọ́n máa fò, kí ẹyọ kan má bàa di kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé jáde lórúkọ gbogbo wọn. Nígbà tí àjọ UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2009, tí wọ́n sì fi apá ti Denmark kún un lọ́dún 2014, ọ̀pọ̀ ọdún ìkàyé ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn sí.

Àwọn kan máa ní, "Àwọn yẹn ò bára wọn ṣọ̀tá, tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ẹ wo Òkun Baltic nígbà náà. Lọ́dún 1974, orílẹ̀-èdè méje tó yí i ká fọwọ́ sí àdéhùn Helsinki láti gbógun ti ìdọ̀tí inú òkun náà. Soviet Union, Poland àti Ìlà-Oòrùn Jámánì wà níbẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, Denmark, Sweden àti Finland náà wà níbẹ̀. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó ohun ìjà olóró kọjú síra wọn. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Wọ́n rí i pé májèlé tó bá wọ omi ọ̀kan ni gbogbo wọn máa jọ mu, àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1980 láìdúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá tán.

Kí lẹ máa wá kà? Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ohun tó ń kọjá ààlà fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, kó má jẹ́ ohun tó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹja ṣàwá jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa: agbo kan náà ló ń rìn láàárín omi Morocco, Mauritania, Senegal àti Gambia bí omi ṣe ń tutù tó ń gbóná, èyí tí orílẹ̀-èdè kan bá kó jù ni èkejì máa wá tì. Òfin òkun tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé jáde lọ́dún 1982 tiẹ̀ sọ ọ́ ní ìsọ̀rí 63 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń gba omi wọn kọjá wá bí wọ́n ṣe máa fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́nikẹ́ni má pẹja lóṣù tí ẹja ń yé, táwọn tó wà lódìkejì sì ń pẹja lóṣù kan náà, ìyà lẹ kàn fi jẹ àwọn apẹja yín lásán.

Yanrìn náà ń kọjá ààlà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í rántí ẹ̀. Ní etíkun Gulf of Guinea, ìgbì ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Dáàmù Akosombo tí Ghana parí lọ́dún 1965 dá yanrìn odò Volta dúró, odi èbúté tí wọ́n kọ́ sí Lomé àti Cotonou láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1969 sì tún dá púpọ̀ dúró lára èyí tó kù. Yanrìn ń gbá jọ síhà ìwọ̀-oòrùn odi, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ níhà ìlà-oòrùn, ilé ń wó, ọ̀nà ń ya. Kò sí ẹni tó kọ́ odi yẹn tó ní in lọ́kàn láti ba ilé aládùúgbò jẹ́. Lọ́dún 2018, orílẹ̀-èdè mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú owó Bánkì Àgbáyé, Togo àti Benin sì wà lára wọn. Àwọn méjèèjì yìí jọ gba iṣẹ́ ìdáàbòbò kan ṣoṣo fún etíkun tó bẹ̀rẹ̀ láti Agbodrafo ní Togo dé Grand-Popo ní Benin, ààlà sì wà láàárín ẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ò lè kọ́ odi o. Àmọ́ ẹgbẹ́ kékeré lè ri òpó mọ́lẹ̀ létíkun, kó máa wọn bí omi ṣe ń sún mọ́ ọn lóṣooṣù, kó sì máa fi wé ti àwọn tó wà lódìkejì.

Ẹ jẹ́ káwọn apẹja fúnra wọn máa kà, kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká pátápátá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ fi nǹkan han àwọn tó ń fún un lówó, ló bá gbé iye tá a jọ kà jáde pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí wọ́n ti ń kó ọmọ ẹja hàn. Ìhà kan ṣoṣo ló pọ́n lórí àwòrán náà. Ohun tí àwòrán ò sì sọ ni pé ojoojúmọ́ ni ìhà yẹn ń kà, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ni ìhà kejì ń kà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ jù ló wá dà bí ọ̀daràn. Àwọn apẹja wọn ò jẹ́ kí àwọn tó ń kà sún mọ́ ọkọ̀ wọn mọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ó gba ìrìn, ó gba ẹ̀bẹ̀, kí wọ́n tó gbà wá láyè padà. Láti ìgbà náà, òfin wa ni pé kò sí iye tó máa jáde láìjẹ́ pé ìhà méjèèjì ti kà á tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Orúkọ abúlé kankan kì í jáde. Ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan la sì máa ń kọ ọ́ sí pé ìgbà mélòó la kà kó tó dé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí lọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ẹja kan ṣoṣo.

Lórí owó, ẹ má gbà kí gbogbo ẹ̀ gba ọwọ́ ẹgbẹ́ kan wọlé. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ máa di ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ èèyàn dáadáa, èkejì á sì di ẹni tó ń mú rìsíìtì wá. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àpò tiẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìkàyé náà rọrùn débi pé tí owó ìrànwọ́ bá tán, tó sì máa tán, rúlà àti ìwé àkọsílẹ̀ á ṣì tó yín.

Ìgbà wo wá ni ìwé àdéhùn? Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ní ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú ẹ̀. Ẹ má sì dá tuntun sílẹ̀ tí ti àwọn ìjọba bá ti wà nílẹ̀. Àdéhùn Abidjan ti ọdún 1981, fún àpẹẹrẹ, bo etíkun láti Mauritania dé South Africa. Ẹgbẹ́ tó bá gbé iye tó ṣeé gbà gbọ́ lọ bá àwọn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dá a lóhùn ju ẹni tó gbé ìwé tuntun lọ. Ẹ sì rántí pé ẹ ò lágbára láti dá ọkọ̀ kankan dúró lórí omi. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún àwọn tó lágbára ẹ̀.

Ohun kan péré lẹ ò gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹ̀: nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pe tí epo bá dà sómi. Lọ́dún 1967, epo inú ọkọ̀ Torrey Canyon tó fọ́ létí ilẹ̀ England dé etíkun France, ìyẹn ló sì mú káwọn orílẹ̀-èdè Òkun Àríwá ṣe àdéhùn Bonn lọ́dún 1969, pé kí wọ́n máa tètè ta ara wọn lólobó. Ẹ máa pe àwọn nọ́ńbà yín wò, lóru àti lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí epo dà lọ́dọ̀ wa, nọ́ńbà táwọn ọ̀gá kọ sínú ìwé ò lọ. Ti obìnrin tó ń bá wa ka ẹja lódìkejì ló lọ, òun ló sì jí àwọn èèyàn ẹ̀ tí wọ́n fi lọ dí ẹnu ọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ kọ irú ẹja tó pọ̀ jù lómi yín àti bí wọ́n ṣe ń pa á síbí, màá sọ bí mo ṣe rò pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.