Ìbéèrè Òǹkàwé: Sípíkà wo ló yẹ modeler?

ÌBÉÈRÈ: Modeler, ẹ̀rọ tó ń ṣe àfarawé ohùn ampù àti sípíkà gìtá, ni mo fi ń ta gìtá. Ohùn rẹ̀ dùn nínú hẹ́dífóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá so ó mọ́ ampù gìtá mi lórí ìtàgé, ńṣe ló ń dún bí ohun tí a fi aṣọ bò. Sípíkà wo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó. Sípíkà gìtá kì í gbé ohùn òkè tó kọjá nǹkan bíi 5 kHz dáadáa, modeler náà sì ti ń ṣe àfarawé àpótí sípíkà tirẹ̀. Ohùn gba àpótí méjì kọjá, ló ṣe ṣú. Ẹ pa àfarawé yẹn, kí ẹ gba ojú effects return wọ ampù, ìyẹn ihò tó ń gbé ohùn lọ tààrà sí apá ampù tó ń fún un lágbára.

Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ bá ti àwọn èrò ìwòran mu, FRFR ni kí ẹ rà, sípíkà tí kì í fi tirẹ̀ kún ohùn. Onínṣì 12 tó ní ampù nínú dára. Iye wáàtì ara páálí máa ń tanni. dB SPL tó ga jù lọ, ìyẹn ìwọ̀n bí ariwo rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó, ni kí ẹ bi wọ́n, torí ìlù kò ní rẹlẹ̀ nítorí yín. Fún ẹni tó dúró nítòsí, coaxial la fẹ́ràn jù: ojú kan náà ni ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti ń jáde.

Ẹ pa bọ́tìnì ara sípíkà tó ń fi báàsì kún ohùn. Ẹ yí ojú ìwọlé rẹ̀ sí line (ti ẹ̀rọ), kì í ṣe mic (ti makirofóònù). Bí sípíkà bá wà nílẹ̀, ilẹ̀ á fi báàsì kún ohùn: nínú modeler, ẹ gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ 80 sí 100 Hz, àti èyí tó wà lókè 6 sí 8 kHz. Ẹ kọjú rẹ̀ sí etí yín, kì í ṣe orúnkún. Pàtàkì jù, ẹ ṣètò ohùn ní ìwọ̀n ariwo tí ẹ ó fi ṣeré gan-an. Èyí tí a ṣètò jẹ́jẹ́ nílé máa ń gún etí, báàsì rẹ̀ á sì pọ̀ jù, bí a bá yí i sókè.