1% lójúmọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni mí. Olùkọ́ ọrọ̀ kan wà tí mò ń tẹ̀ lé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìwà òtòṣì ni kéèyàn máa tọ́jú owó pamọ́, pé àwọn olówó kì í ṣiṣẹ́ fún owó, owó ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Ó ní 1% lójúmọ́ ni owó òun ń mú wọlé. Owó kíláàsì rẹ̀ tó owó oṣù mi mẹ́ta, mo sì fẹ́ lọ yá a. Ọkọ mi ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ dákun, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? – Èwo-ni-ṣíṣe

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọkọ rẹ ló jàre. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, kó o má baà ti yáwó kó o tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìṣirò owó, ó sì ti mọ́ mi lára pé bí ẹnì kan bá dárúkọ èrè, màá kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Jẹ́ ká mú 100, owó yòówù kó jẹ́. Bí 1% bá ń gun orí rẹ̀ lójúmọ́, tí èlé náà sì ń bí èlé, lọ́la ó di 101. Kò jọ nǹkan kan, àbí? Nígbà tí ọjọ́ 365 bá fi máa pé, ó ti lé ní 3,700. Lọ́dún kejì, ó ti lé ní 140,000. Ẹni tí owó rẹ̀ ń ṣe báyìí, kí ló ń wá nínú owó oṣù rẹ mẹ́ta?

Lọ́dún 1920, ní Boston ní Amẹ́ríkà, Charles Ponzi ṣèlérí èrè 50% láàárín ọjọ́ 45. Owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló fi ń san ti àwọn tó ti wà níbẹ̀, oṣù August ọdún yẹn náà ló sì tú. Wá fi 1% lójúmọ́ ṣírò ọjọ́ 45: ó lé ní 56%. Olùkọ́ rẹ ti fi Ponzi sẹ́yìn! Bernard Madoff, ará Amẹ́ríkà míì tó lu jìbìtì bíi ti Ponzi, tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n 150 ọdún ní 2009, nǹkan bí 10% sí 12% lọ́dún ló ń parọ́ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Lọ́dún o. Ó mọ̀ pé bí òun bá bù ú jù, wọ́n á fura.

Mi ò pe olùkọ́ rẹ lólè. Ó ṣeé ṣe kó lówó lóòótọ́, àmọ́ kíláàsì ló ń tà.

O lè ní o fojú ara rẹ rí àwọn tó ń jẹ́rìí. Bí 1,000 èèyàn bá ta tẹ́tẹ́ kan náà, àwọn díẹ̀ á jẹ, àwọn yẹn náà la ó sì rí nínú fídíò. Àwọn tó pàdánù ti rọra lọ sílé, ojú ń tì wọ́n, wọ́n rò pé àwọn ni àwọn ò gbọ́n tó.

Èyí tó bí mi nínú ni ti ìwà òtòṣì yẹn. Lóòótọ́, bí ọjà bá ń wọ́n, agbára owó tó jókòó a máa dín kù. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ owó ìnáwó oṣù díẹ̀ tó wà nílẹ̀, a ò tọ́jú rẹ̀ kó lè bímọ. Torí ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni, tàbí tí àìsàn bá dé, kó o má baà sáré lọ bá ayánilówó.

Bí èlé owó tó o fẹ́ yá bá jẹ́ 24% lọ́dún, ohun tó o bá fi ṣe gbọ́dọ̀ mú ju 24% wọlé kó tó ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ọ. Èlé yẹn dájú, èrè ò dájú. Bó o bá sì ti ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, san án kíákíá. O ti jèrè 24% nìyẹn, láìwọ kíláàsì kankan.

Bí ọkàn rẹ ò bá tíì kúrò níbẹ̀, ní kó fi ìwé owó orí rẹ̀ hàn ọ́: èló ló ti ara ìdókòwò wá, èló ló ti ara kíláàsì wá? Bó bá fi hàn ọ́, fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá ọ kà á.