Ẹ kọ́kọ́ yanjú ibi tẹ́ ẹ ti ń kúrò kẹ́ ẹ tó yan ibi tẹ́ ẹ ń lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé nínú Georgia, Cyprus, Dubai àti Paraguay, èwo ni ìnáwó rẹ̀ kéré jù fún ẹni tó ń ta sọ́fítíwíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó sì fẹ́ di olùgbé ibẹ̀ nítorí owó-orí, mo ka ìbéèrè yín, àyà mi já. Màá dáhùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó kó ẹrù mi.

Ìlú tuntun kọ́ ni wàhálà. Ìlú tuntun ń wá oníṣòwò, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi máa gbà yín. Ìlú tẹ́ ẹ ti ń kúrò ni kì í fẹ́ yọ̀ǹda èèyàn. Agbaninímọ̀ràn tí mo san owó gọbọi fún ní tí ìwé ìgbélùú bá ti jáde, tí mo sì ti forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ó parí. Kò bi mí pé níbo ni ọkọ mi máa wà. Kò bi mí pé ta ló máa wà nínú ilé mi. Ọdún kejì, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ agbowó-orí ibi tí mo ti kúrò: àwọn ṣì kà mí sí olùgbé, kí n wá san owó-orí lórí gbogbo ohun tó wọlé fún mi, ibi yòówù kó ti wá láyé, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n dì mú. Mi ò tíì ta ilé mi, mi ò sì fi háyà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi àtàwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀ nítorí iléèwé. Mọ́tò, dókítà, nọ́ńbà fóònù, wọn ò fi ìkankan sílẹ̀. Ọjọ́ 183 tí gbogbo èèyàn ń kọ́ sórí, pé ẹni tí kò bá lò tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú kan lọ́dún kì í ṣe olùgbé ibẹ̀, kò dá nǹkan kan yanjú. Ní Jámánì, ilé tẹ́ ẹ lè wọ̀ nígbà tó bá wù yín ti tó láti sọ yín di olùgbé. Ní Sípéènì, tí ọkọ tàbí aya yín àtàwọn ọmọ kékeré bá ń gbé ibẹ̀, òfin á gbà pé ẹ̀yin náà ń gbé ibẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà sì nìyẹn, ibi yòówù tó bá sá lọ, ìjọba rẹ̀ á ṣì máa retí ìwé owó-orí rẹ̀, torí pé wọ́n ń wo jíjẹ́ ọmọ-ìlú.

Tí ìlú méjì bá ń fa ẹnì kan mọ́ra wọn lọ́wọ́, àdéhùn owó-orí tó wà láàárín wọn ló ń là á. Bó ṣe wà nínú àdéhùn àwòkọ́ṣe OECD, ìyẹn àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, ibi tẹ́ ẹ ní ilé ìgbé sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Tó bá wà níbi méjèèjì, wọ́n á wo ibi tí ẹbí àti òwò yín fìdí múlẹ̀ sí jù, lẹ́yìn náà ibi tẹ́ ẹ sábà ń gbé, lẹ́yìn náà ibi tẹ́ ẹ ti jẹ́ ọmọ-ìlú. Ṣé ẹ rí i pé kò sí ìwé ìgbélùú níbẹ̀? Tí kò bá wá sí àdéhùn rárá, àwọn méjèèjì lè gbowó lọ́wọ́ yín.

Oṣù gorí oṣù ni mo fi ń kó ẹ̀rí jọ: ìwé ọkọ̀ òfuurufú, owó iná, owó omi, ohun tí mo fi káàdì báńkì rà àti ìlú tí mo ti rà á. Òṣìṣẹ́ tí fáìlì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ á béèrè ọ̀kan, tí mo bá gbé e dé, á ní òmíràn lòun ń wá. Wọ́n gbé òun náà lọ síbòmíì, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ agbowó-orí ìlú tuntun pé mo jẹ́ olùgbé wọn. Àwọn tibẹ̀ ní ó di ìgbà tí ọdún bá parí. Mo pa dà lọ sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ò lè dúró. Ibo ni kí èèyàn gbà? Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbà pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Èmi ni mo ń sanwó fún lọ́yà ní gbogbo àsìkò yẹn.

Báńkì tún wá. Láti 2017 ni àwọn ìlú ti ń fi ìròyìn akáúńtì ránṣẹ́ síra wọn lábẹ́ ètò OECD tí wọ́n ń pè ní CRS, wọ́n sì ti ju 100 lọ báyìí. Ìlú tẹ́ ẹ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù báńkì pé ẹ jẹ́ olùgbé nídìí owó-orí ni ìròyìn yín ń lọ. Ẹ má purọ́ níbẹ̀ láé. Báńkì ti akáúńtì mi pa torí pé àdírẹ́sì mi àti ti iléeṣẹ́ mi ò bára mu, owó oníbàárà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta e-Residency ti Estonia, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún àjèjì, fún yín bí ojútùú. Láti 2014 tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ́ kéèyàn dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, kò sọ ẹnikẹ́ni di olùgbé nídìí owó-orí. Iléeṣẹ́ náà gan-an, tó bá jẹ́ orí tábìlì yín nílé lẹ ti ń pinnu gbogbo nǹkan, ìlú tí tábìlì náà wà lè sọ pé tàwọn ni.

Ó yá, ìbéèrè yín. Georgia ló dín owó jù lórí ìwé: oníṣòwò kékeré ń san ìdá 1 nínú 100 owó tó wọlé, títí dé 500,000 lárì lọ́dún. Àmọ́ wọn ò gba gbogbo iṣẹ́, ìgbaninímọ̀ràn kò sí lára rẹ̀, ẹ fi ìwé àdéhùn àwọn oníbàárà han akáǹtáǹtì kẹ́ ẹ tó lọ. Ọjọ́ 183 ni wọ́n ń fẹ́. Paraguay kì í gba owó-orí lórí owó tó wá láti òkèèrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀ ṣe kì í ṣe ti òkèèrè. Ní Dubai, kò sí owó-orí lórí owó oṣù, iléeṣẹ́ ń san ìdá 9 lórí èrè tó bá kọjá 375,000 dírámù láti 2023. Ìwé àṣẹ òwò àti ti ìgbélùú tẹ́ ẹ ó máa tún ṣe ló ń jẹ owó. Níbẹ̀, ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú tó sì ní ilé tàbí iṣẹ́ lè fi ọjọ́ 90 di olùgbé.

Cyprus ní òfin ọjọ́ 60, tẹ́ ẹ bá ní ilé níbẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ háyà, tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ tàbí iléeṣẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ò sì lo ju ọjọ́ 183 lọ ní ìlú mìíràn kankan. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn ìrìn-àjò, èyí ni màá mú, ẹ kàn ṣírò owó ìlera wọn mọ́ ọn, ìdá 2.65 nínú 100 lórí ìpín èrè tí iléeṣẹ́ yín bá san fún yín.

Ẹ ò sọ ìlú tẹ́ ẹ ti ń kúrò, ẹ ò sì sọ bóyá ìdílé yín ń bá yín lọ. Ẹ kọ méjèèjì síbí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, màá sọ fún yín irú ẹ̀rí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó pa mọ́ báyìí.