Púláànù ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi yà

Ìbéèrè yín ni pé ẹ̀yin àti ìyàwó yín ti ra ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ẹ ní ọmọ mẹ́ta, ìyá yín yóò sì wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ya púláànù ilé náà fúnra yín, àti bóyá kí ẹ kọ́ ilé ilẹ̀ nísinsìnyí kí ẹ sì gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e nígbà tí ọwọ́ bá tún dẹ̀. Mo ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí. Ilẹ̀ tèmi náà jẹ́ 50 sí 100, ní apá Mọ́níyà. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2013, a sì kó wọlé ní 2017. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ yà á, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iye yàrá bí èmi ti ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bí àwọn tí yóò gbé ibẹ̀ ṣe ń rìn káàkiri ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́, àti láti orí ẹrù tí wọn yóò kó wọlé, kí ẹ sì fi téèpù wọn ohun gbogbo.

Èmi gba ìwé tí wọ́n fi ìlà pín sí àpótí kéékèèké lọ́wọ́ ọmọ mi, mo pe àpótí kan ní ẹsẹ̀ bàtà kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Mo ti yọ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ọ̀tún àti 10 ní òsì kúrò fún àyè tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé àti ààlà, nítorí náà 30 ni ó kù fún ìbú ilé. Mo ya yàrá tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí apá kan, mo ya òmíràn tí ó fẹ̀ ní 12 sí apá kejì, mo sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí àárín wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28, inú mi sì dùn pé ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ohun tí mo gbàgbé ni ògiri. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9, bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ ní ojú méjèèjì, ó di bí íǹṣì 10, ògiri mẹ́rin ni ó sì dábùú ilé náà. Íǹṣì 40 nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà 3 ó lé íǹṣì 4, èyí tí kò sí nínú ìṣirò mi rárá. Bíríkìlà kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi; ibi tí ó rí i pé kò ní pariwo ni ó ti gé e. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi di ẹsẹ̀ bàtà 3, yàrá kan sì pàdánù íǹṣì 4. Títí di òní, bí èèyàn méjì bá pàdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọ̀kan ní láti fi ẹ̀yìn lé ògiri kí èkejì tó kọjá, káfíńtà sì ní láti tú wọ́ọ̀dróòbù ìyàwó mi palẹ̀ kí a tó lè gbé e wọ yàrá.

Àtẹ̀gùn ni ó fojú mi rí màbo jù lọ. Mo fi àyè ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 sílẹ̀ fún un, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo rí i nínú àwòrán kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣírò rẹ̀. Láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè nínú ilé mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe íǹṣì 126. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ga ní íǹṣì 7, tí àgbàlagbà lè gùn láìmí hẹlẹ, ìgbésẹ̀ 18 ni yóò gbé wa dé òkè. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, 9 ní ìsàlẹ̀ àti 9 lókè, apá kọ̀ọ̀kan yóò ní ibi ìtẹ̀lẹ̀ 8, nítorí pé ìkẹsàn-án ti bọ́ sórí pèpéle àárín, níbi tí a ti ń yí padà. Bí ìtẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá gba íǹṣì 10, íǹṣì 80 nìyẹn. Ẹ fi pèpéle tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀ kún un, ó ti lé ní ẹsẹ̀ bàtà 10, a kò sì tíì ka ibi tí ènìyàn yóò dúró sí kí ó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ìbú rẹ̀ náà kò yẹ kí ó dín ní ẹsẹ̀ bàtà 7, nítorí pé apá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbo ni 6 sí 8 fẹ́ ti gbà á? Ohun tí àyè náà lè gbà ni wọ́n kọ́ síbẹ̀: ìgbésẹ̀ 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní íǹṣì 9, tí ibi ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kò sì ju íǹṣì 9 lọ. Àkàbà ni ẹ máa pè é bí ẹ bá rí i.

Ní ọdún 2018, ìyá mi wá bá wa gbé. Eékún ń dà wọ́n láàmú, gbogbo yàrá ìbùsùn wa sì wà lókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, mo jáde láti inú yàrá mi, mo bá wọn tí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn, tí wọ́n fi ọwọ́ kan di ìró mú, tí wọ́n sì fi èkejì tọ́ ògiri. Wọn kò bá mi sọ ohunkóhun. Kí oṣù náà tó parí, a ti sọ ibi tí a ti ń jẹun di yàrá wọn, ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò nìkan ni ó wà ní ìsàlẹ̀, kò sì sí àyè tí ènìyàn lè gbà wẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fọ́ ògiri, mo tún ọ̀nà omi ṣe, mo sì san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, yàrá ìyá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn méjèèjì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, nítorí pé ọjọ́ lè dé tí ẹni méjì yóò ní láti di wọ́n mú wọlé.

Ní ti ẹrù, ẹ gé páálí ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àpótí inú ìwé yín: bẹ́ẹ̀dì, wọ́ọ̀dróòbù, fíríìsà, àga, tábìlì, kí ẹ máa sún wọn kiri lórí púláànù. Yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 dára lójú títí di ìgbà tí ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì 6 sí 6 sínú rẹ̀, tí wọ́ọ̀dróòbù gba ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ilẹ̀kùn sì tún fẹ́ ṣí sínú.

Mo fi ilé ìdáná sí igun gúúsù-ìwọ̀ oòrùn, kìkì nítorí pé igun náà ni ó ṣẹ́ kù. Apá ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, àfi ìgbà ọyẹ́ tí ó máa ń wá láti àríwá-ìlà oòrùn. Bí ìyàwó mi bá ti da ata sínú òróró gbígbóná, gbogbo ẹni tí ó wà ní pálọ̀ ni yóò máa sín, àlejò tí ó wọ aṣọ àríyá yóò sì gbé òórùn ẹja díndín lọ sí ibi ayẹyẹ. Yàrá àwọn ọmọ ni mo jẹ́ kí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ògiri búlọ́ọ̀kù a máa gba oòrùn ọ̀sán sára, a sì máa tú u jáde lóru, nígbà tí iná kò sí. Bí ilẹ̀ yín bá gbà á, ẹ jẹ́ kí fèrèsé tí ó pọ̀ jù kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní fèrèsé ní ojú méjì.

Ẹ kó àwọn ibi tí omi ń dé jọ sí apá kan ilé, kí wọ́n fi ẹ̀yìn kan ara wọn. Tèmi wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní òkè gan-an lórí tábìlì oúnjẹ; ẹ lè fọkàn ro ọjọ́ tí páìpù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọ̀rọ̀ kànga àti ihò ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tún le ju èyí lọ. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ó wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo gígùn ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 100 kò ju nǹkan bí mítà 30 lọ. Kí ẹ tó fi àmì kànga sórí púláànù, ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò, kí ẹ béèrè ibi tí kànga àti ihò ìdọ̀tí tiwọn wà.

Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀ ní Ṣàgámù, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ títí tí a fi na púláànù náà sórí ilẹ̀. A gún èèkàn, a ta okùn, a da ìgé pákó sí ibi tí ògiri yóò wà, a sì fi àlàfo sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò òfìfo, ó ń rìn láti ilé ìdáná lọ sí ibi oúnjẹ, ó sì dúró lójijì. Ó ní, “Níbo ni odó mi máa wà?” Gbogbo wa wo ara wa. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó ti jókòó lórí púláànù yẹn fún oṣù méjì, kò sì sí ẹni tí ó rántí pé wọ́n ń gún iyán nínú ilé náà. Òun náà ni ó rí i pé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjú sí àga ẹni tí ń jẹun. A fa èèkàn díẹ̀ tu, a yí ilẹ̀kùn padà, a sì rí àyè fún ìdáná kékeré lẹ́yìn ilé fún odó àti ààrò. Ẹ mọ̀ pé yàrá tí a fi okùn yà sórí ilẹ̀ gbalasa máa ń kéré lójú ju bí yóò ti rí lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín débi pé ẹ ó máa fẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá ayàwòrán ilé tí ó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní fún yín ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé lórí ohun tí a fi pẹ́ńsù yà. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá ẹni tí yóò bá yín jiyàn. Ẹni tí mo gbé tèmi fún kàn fi kọ̀ǹpútà tún un yà bí ó ṣe wà ni, tòun ti àtẹ̀gùn 6 sí 8, ó sì gba owó rẹ̀.

Ní ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọjọ́ iwájú: ìpìlẹ̀ àti òpó tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹnjiníà ni yóò sì ṣírò wọn, kì í ṣe bíríkìlà. Òrùlé tí ẹ bá fi bo ilé ilẹ̀ náà yóò di ohun tí a óò tú. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin ni ǹ bá kọ́ parí lórí ilẹ̀ yẹn, ó gbà á dáadáa. Bí ẹ bá sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi àyè ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 12 sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn, kí ẹ máa lò ó bí ibi ìkó-nǹkan-sí títí dìgbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi apá ibi tí títì wà sí ilẹ̀ náà, ìlà oòrùn ni tàbí ìwọ̀ rẹ̀, kí á lè mọ ibi tí ilé ìdáná yóò wà.