Ẹ Bi Wá: Ìlànà, Òfin àbí Ìgbàgbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ àwa aládìrẹ ní Ìtòkú níbí ń kọ ìwé òfin tuntun. Akọ̀wé kọ "Ìgbàgbọ́ Ẹgbẹ́" sí ojú ewé kìíní, ni àwọn kan bá fàáké kọ́rí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn. Wọ́n ní ká kọ "Ìlànà". Ìyá Ẹgbẹ́ wá bèèrè pé kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí òfin. Ẹ là wá lọ́yẹ̀.
Aládìrẹ kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí Ìyá Ẹgbẹ́, ìbéèrè wọn ló wúwo jù. "Ìlànà" ni kí ẹ kọ. Ohun tí ẹgbẹ́ gbà pé ó tọ́, tí wọ́n fi ń pinnu nígbà tí ìwé òfin kò sọ nǹkan kan, òun ni ìlànà. "Ìgbàgbọ́" kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n bí a bá ti pe ẹnì kan ní onígbàgbọ́, Kìrìsìtẹ́nì ni gbogbo ayé ń gbọ́. Ẹ kúkú fi "A gbà pé…" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ní ti òfin, a máa ń ṣe é, a máa ń pa á mọ́, a sì máa ń rú u. Ẹni tó bá rú u yóò san owó ìtanràn. Ìlànà ńkọ́? À ń là á sílẹ̀, à ń tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kọ "Ká jẹ́ olóòótọ́" sí abẹ́ òfin, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Ta ni yóò wá wọn òótọ́ lọ́jọ́ ìpàdé? Ìjà ló máa ń dà.

Ẹ kọ ìlànà ná, kí ẹ tó bèèrè pé: bí ẹnì kan bá tàpá sí i, kí la máa fojú rí? Ìdáhùn yẹn ni òfin. Bí àpẹẹrẹ: "A gbà pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú aṣọ tó ń rà." Òfin abẹ́ rẹ̀: "Ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ta aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní orúkọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tàbí oníko." (Ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí, oníko ni èyí tí a fi ìko dì kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró.) Èyí ṣe é yẹ̀ wò. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀: àwòrán tí a fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ yà kì í bára dọ́gba pátápátá láti ibì kan sí èkejì, nígbà tí ti ẹ̀rọ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyẹ̀.

Ìlànà mẹ́ta sí márùn-ún tó. Tó bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀.

Ẹ má sì pe àfojúsùn ní ìlànà. Nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí ń bá ọ̀rọ̀ owó orí jà láàárín ọdún 1940 sí 1949, kí wọ́n yé gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ni àfojúsùn wọn. Pé kò tọ́ kí a máa gbowó orí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ìlànà nìyẹn. Ọwọ́ lè tẹ àfojúsùn, kó sì parí síbẹ̀. Ìlànà kì í parí. Àkọmọ̀nà ní tirẹ̀ ni gbólóhùn kúkurú abẹ́ àmì ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. A tún máa ń sọ pé "ìlànà ìdìbò", tí ó jẹ́ bí a ṣe ń ṣe nǹkan ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Kí ó má baà dàrú mọ́ra, ẹ kọ "Ìlànà Tí Ẹgbẹ́ Dúró Lé" sí ojú ewé kìíní, kí ẹ sì kó ti ìdìbò àti ti ìpàdé sí abẹ́ "Ètò".

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè sọ pé ẹnì kan "rú ìlànà"?
Òǹkàwé kan, Ìbarà

ÌDÁHÙN: Àwọn kan ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin ni rírú bá mu jù. Ẹ sọ pé ó tàpá sí ìlànà, tàbí pé ó yà kúrò nínú rẹ̀.