Èsì: Ṣé kókó inú ọpọlọ lè dá apànìyàn láre?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí adájọ́ dá apànìyàn sílẹ̀ bí àyẹ̀wò bá bá kókó (ẹran tó hù láìyẹ) nínú ọpọlọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, ní ìlú Austin ní Texas, Charles Whitman pa ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gun ilé gogoro yunifásítì, tó ń yìnbọn lu èèyàn títí àwọn ọlọ́pàá fi pa á. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n yẹ òun wò lẹ́yìn ikú. Wọ́n bá kókó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí gómìnà gbé kalẹ̀ kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kókó náà ló fa ìpànìyàn náà.

Lójú tèmi, àwòrán ọpọlọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà lè fi àìsàn hàn, kò lè fi èrò ọkàn hàn. Lọ́dọ̀ wa, abala 28 Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ń lò gbà pé ẹni tí àrùn ọpọlọ kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe, tàbí kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kò jẹ̀bi. Olùjẹ́jọ́ ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí rẹ̀ wá.